Okùn Mẹ́sàn-án ní Wásinmi

Mo kírun àsùbáà tán ni mo jáde nílé ní Ìtòkò, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fẹ́ràn ìrìn ìdájí, ṣùgbọ́n Dókítà Bọ́lá ti ní ká pàdé ní Kútọ̀ ní aago mẹ́fà, obìnrin yẹn kì í sì í pẹ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, èmi ni mo máa ń bá a ru ìwé kiri. Àkàrà ló ń jẹ nígbà tí mo dé, ó ti ra ti kọ́bọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi.

Náírà kan ààbọ̀ ni awakọ̀ pijó gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dé Ewékorò. Ó wo báírò ọwọ́ mi.

"Ẹ̀yin ará owó orí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kì í ṣe owó orí," Dókítà dá a lóhùn. "Gáàsì là ń ṣírò."

"Ti ọkọ̀ mi?"

"Rárá o. Ti oúnjẹ."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe là á yé mi. Ó ní àwọn afẹ́fẹ́ kan ń bo ayé bíi kúbùsù, wọ́n ń mú un móoru. Epo mọ́tò ń mú ọ̀kan jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ náà ń gùfẹ̀ òmíràn síta, èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà ń tú u sílẹ̀, àbàtà tí wọ́n gbin ìrẹsì sí náà ò gbẹ́yìn. Ó fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwòrán ayé tí a fi nọ́ńbà yà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun ń retí nọ́ńbà ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí oṣù tó parí. Bí kò bá dé, iye ẹran ìlú tiwọn ni wọ́n á fi dí àyè wa. Ojú ìwé Wásinmi nìkan ló kù tó ṣófo, èmi ni mo sì fọ́nnu pé ìlú ìyá mi ni, wàràwàrà la ó parí rẹ̀.

A kọjá Wásinmi lọ sí Ewékorò ná, kí Dókítà lè fi ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì hàn mí. Tírélà sìmẹ́ǹtì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, eruku funfun bo ewé ẹ̀gẹ́. Dókítà ní òkúta tí wọ́n ń sun níbẹ̀ ní gáàsì bíi ti mọ́tò nínú ara rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ sí èéfín iná tí wọ́n fi ń sun ún. Èmi tí mo ti fi sìmẹ́ǹtì kọ́ yàrá mẹ́ta, n ò mọ̀.

Aago mẹ́wàá la padà dé Wásinmi. Mo ṣí ìwé, mo bi bàbá kan pé ewúrẹ́ mélòó ni wọ́n ní. Bàbá wo ojú ọ̀run.

"Ọlọ́run ló mọ̀."

Ilé kejì ní, "Wọ́n wà níbẹ̀." Ilé kẹta ní kí n bá àwọn kí ìyàwó mi. Ní Ìtòkò, kó o tó bi ọlọ́jà tán, ó ti dá ẹ lóhùn.

Àbúrò ìyá mi, Ìyá Wàsílà, ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe láfún lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n ti gbọ́ kí a tó dé.

"Ráfíù, ṣé ìwọ lò ń ka nǹkan ẹlẹ́mìí kiri?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Iṣẹ́ ìwé ni."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé ìwé ló mú ẹ gbàgbé ni?"

Èmi àgbàlagbà, níwájú ọ̀gá mi. Ojú tì mí gan-an. Dókítà mú ọ̀bẹ, ó jókòó, ó ń bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́. Nígbà tí agbọ̀n dé ìdajì, ó sọ fún wọn pé bí a bá dákẹ́, àwọn ará òkè òkun ló máa kọ tiwa fún wa.

"Wọn ò mọ̀ wá rí, wọ́n á wá máa bá wa dáhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n nu ọwọ́. "Okùn ò ní ẹ̀mí. Ẹ wá ka okùn."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ Wásinmi ń jẹ̀ kiri lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń so wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn tirẹ̀. Lọ́sàn-án, ara ògiri ẹ̀yìnkùlé ni okùn ń wà. Ìyá fúnra wọn ló mú wa dé gbogbo ilé. Bàbá tó ní Ọlọ́run ló mọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n kó tiwọn jáde. Kí a tó kírun àsárì, ojú ìwé ti kún.

Ti Ìyá la kà gbẹ̀yìn. Mẹ́sàn-án ni. Dókítà ti kọ ọ́ kí wọ́n tó nawọ́ sí ọ̀kan níkangun, okùn ògbólógbòó.

"Ẹ yọ ìyẹn. Kò ní ẹran mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì fi kọ́ ọ síbẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

"Abo ewúrẹ́ mi àkọ́kọ́ ni. Òun ni mo tà, tí mo fi ra bàtà àti ìwé fún ẹ nígbà tó o wọ ilé ìwé mọ́dà."

Láti ọjọ́ yẹn wá, bàbá mi ni mo rò pé ó ra bàtà yẹn. Ọkàn mi gbọgbẹ́, n ò lè wo ojú wọn. Dókítà pa mẹ́sàn-án rẹ́, ó kọ mẹ́jọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo fi délé. Ìyàwó mi ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ rí iye tẹ́ ẹ ń wá?"

"A rí i. Ó ku ọ̀kan."

Mo ti jáde lọ bi àwọn èèyàn ní iye ohun tí wọ́n ní, n ò mọ èyí tó ti dín nítorí mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fa abo ewúrẹ́ kan lọ sí Wásinmi. Ìyá mú okùn àtijọ́ náà lára ògiri, wọ́n so ó mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí mo fi sunkún. Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún Dókítà. Kò tíì fi lẹ́tà tó kó àwọn nọ́ńbà wa sí ránṣẹ́ sókè òkun. Ó tú u, ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó kọ mẹ́sàn-án.

"Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ẹ ti bá wa fi gáàsì kún ayé."

Mo ní kó kọ ọ́ sí mi lọ́rùn.