Kẹrosíìnì Tí Mo Kúnlẹ̀ Fún

Òórùn ìda àbẹ́là tó ń yọ́ lórí sítóòfù ni mo fi ń rántí ẹ̀yìnkùlé wa l'Óṣogbo. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló ń fi ìda ṣe iṣẹ́ àdìrẹ. Yóò ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ìda gbígbóná, yóò fi ya ẹyẹ àti ewé sára aṣọ funfun, lẹ́yìn náà ni yóò rẹ aṣọ sínú aró. Ọ̀dọ̀ Alájì tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu títì wa ló ti ń ra èyí tó ń dà sí sítóòfù. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Alájì yìí, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n jọ ń kírun.

Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà. Ọmọ Iléṣà ni olùkọ́ kẹ́mísìrì wa, Òṣómàáló ni à ń pè é lẹ́yìn, torí, bí oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó lóṣòó de gbèsè, kì í kúrò níwájú ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní ìdáhùn. Lọ́jọ́ tó kọ́ wa ní haidirokábọ́ọ̀nù, ìdílé gáàsì àti epo tí à ń dáná, kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ó ní kí oníkálukú jẹ́ kábọ́ọ̀nù kan, ká sì di ọwọ́ ara wa mú. Àwa mẹ́rin ni gáàsì ìdáná, wẹ́rẹ́ la sá jáde lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mẹ́jọ tó ṣe bẹntiróòlù tẹ̀ lé wa. Àwọn méjìlá tó ṣe kẹrosíìnì ń fa ara wọn bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo kíláàsì wá so pọ̀ di ìda, a ò lè kúrò lójú kan.

Ó ní, "Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó kúrú ló ń tètè fò lọ, òun náà ló ń tètè gbiná. Ẹ má jẹ́ kí bẹntiróòlù bá kẹrosíìnì wọ inú sítóòfù yín."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àǹtí ní kí n da kẹrosíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú sítóòfù. Bí mo ti ṣí kẹ́ẹ̀gì, òórùn bẹntiróòlù gbá mi nímú. Mo da díẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, apá kan rẹ̀ sì gbẹ kíá, bẹ́ẹ̀ kẹrosíìnì gidi kì í yá gbẹ bẹ́ẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì padà lọ bá Alájì, mo sọ ohun tí mo rí fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ilé wa ló gbà lọ láti fẹjọ́ mi sun bàbá mi, èmi náà sì gbé kẹ́ẹ̀gì tẹ̀ lé e.

Bàbá mi kò bèèrè ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Kúnlẹ̀, kí o bẹ Alájì."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ wò."

"Mo ní kí o kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Alájì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní làákàyè. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: bàbá mi fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, àfi lọ́jọ́ tó yẹ kó lò ó. Àǹtí dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wò wá. Abẹ́ òrùlé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, báwo ni yóò ṣe da kẹrosíìnì tí baálé ilé ti fọwọ́ sí nù? Ó lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Sítóòfù bú gbàmù, iná ran ìda, ìda gbígbóná sì dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún.

Alájì gbé ọsàn wá sí ọsibítù. Ó ní kádàrá ni, bàbá mi sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kádàrá wo? Ṣé kádàrá ló da bẹntiróòlù sínú kẹrosíìnì kí ó lè pọ̀ sí i? Inú bí mi débi pé mi ò lè kí ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọ́n tún ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Èmi náà ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì báyìí, n'Íléṣà. Mo máa ń ní kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n sáré jáde, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín. Ìka Àǹtí lẹ̀ mọ́ra, kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ fún Alájì, mo kúnlẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó ní kí Alájì dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí.