Igbe Àwọn Eku Àgò Kejì

Ní ọdún tí owó epo ń ya wọ ìlú bí àgbàrá, yunifásítì wa ra ẹ̀rọ kan tó ń rọ ohùn tó ga ju etí ènìyàn lọ sílẹ̀, kí a lè gbọ́ ọ. Inú àpótí tí wọ́n fi gbé e dé ló wà fún ọdún kan gbáko, nítorí pé ẹni tó yẹ kó buwọ́ lu ìwé kò ráyè. Ìjọba tó lówó tí yóò fi ra etí, tí kò ráyè fi gbọ́ nǹkan: n kò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, èmi gan-an ni ọ̀daràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, mo kó àgò eku funfun méjì lọ sí yàrá tí mo gbà ní Ìsọlọ̀. Ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí mo bá gbé ọmọ eku kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ti àgò kìíní a ké tín-ín-rín. Ti àgò kejì a la ẹnu lásán. Mo gbé ọmọ àgò kejì fún ìyá ti àgò kìíní tọ́. Síbẹ̀, n kò gbọ́ igbe. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé odi ni wọ́n láti inú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni n kò rí àlàyé fún: ìyá ti àgò kejì a máa dìde lójijì, a lọ tààrà síbi tí ọmọ rẹ̀ wà, a fi ẹnu gbé e padà sórí ìtẹ́. Mo kọ ìyẹn sí etí ìwé, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Aránṣọ kan, ará Ìjẹ̀bú, ló ń gbé yàrá tó kàn mí, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Wọ́n ń múra ìdána ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ìyá náà a máa fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, a lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé, láìjẹ́ pé àwa yòókù gbọ́ ohunkóhun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan láti Àjàó Estate yà sọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ ọ́n: àǹtí ọkọ ìyàwó ni, ìwádìí ìdílé ló bá wá.

“Ọkọ mi, wọ́n ní ìwọ ni Bàbá Eku.”

“Èmi ni, mà.”

“Ò ń jẹ wọ́n ni?”

“Ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ lára wọn.”

“Kí ni eku fẹ́ kọ́ èèyàn ju olè jíjà lọ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àgò kejì. “Àwọn tó dákẹ́ yìí ńkọ́?”

“Odi ni wọ́n, mà. Ó wà nínú ìran wọn.”

“Bí wọ́n bá gbé ọmọ wọn fún abiyamọ mìíràn ńkọ́?”

“Kò yí padà.”

Ó yíjú sí ọmọ tó ń to ìdérí ìgò sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń wò ó. Mo mọ ohun tó ń bi mí gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ló fi bi mí, inú mi sì dùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti fagi lé ìdána. Aránṣọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Wọ́n ní ìwọ lo sọ pé odi ni ọmọ mi yóò máa bí.”

“Ọ̀rọ̀ eku ni mo sọ, mà.”

“Àbúrò rẹ̀ ń pè mí. Mò ń gbọ́ ọ. O ò bi mí.”

Nígbà tí a wọlé padà sí yunifásítì, wọ́n ṣí àpótí ẹ̀rọ náà nígbẹ̀yìn. Mo na ẹ̀rọ sórí àgò kejì. Igbe bú jáde, kíkankíkan, débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ké. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé ohùn wọn ga ju ti àgò kìíní lọ. Kò gba ohùn lọ́wọ́ wọn. Etí tèmi ni kò tó o.

Mo gba Àjàó Estate lọ lọ́jọ́ kejì. Àǹtí náà bu omi tútù fún mi láti inú fíríìjì tuntun, ó gbọ́ mi tán.

“Níjọ́sí o ní wọn kì í ké. Lónìí o ní wọ́n ń ké. Èwo ni ká mú, ọkọ mi?”

“Ti òní, mà. Mo ṣìṣe.”

“Ọmọ wa ti tọrọ ìyàwó níbòmíràn. Àwọn yẹn, gbogbo ilé wọn ló ń sọ̀rọ̀.”

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìsọlọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú yàrá kejì. Bí mo ṣe gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó dákẹ́. Ìyá náà jáde, ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. N kò gbọ́ nǹkan kan.