Bàbá Gùn-ún-wò

"Ó gùn ún o. Ọ̀gá ilé-ìwé, tòun ti táì lọ́rùn, ó gun àga náà. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Nọ́ọ̀sì tó wá gba tábìlì ẹ̀ ló béèrè irú èèyàn tí Bàbá Gùn-ún-wò jẹ́, ìyá ọmọ tó kan tábìlì náà ló ń dá a lóhùn. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, àkísà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń nu tábìlì, ẹnu ẹ̀ ò sì dúró. Káfíńtà ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù olóògbé yẹn náà ló ṣì wà. Gùn-ún-wò ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yẹn, torí kò sí ohun tó kàn tí kì í ní kí ẹni tó ni ín gùn wò kó tó gbà á.

Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ àga tuntun sí ọ́fíìsì. Bàbá gbé e dé, ó ní, "Ẹ gùn ún, sà."

"Bàbá, àga ìjókòó ni mo ní kí ẹ ṣe."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ ò ní bínú lórí ẹ̀ ni? Ọ̀gá tó bá ń bínú kì í jókòó jẹ́ẹ́."

Ọ̀gá ní òun ò gùn. Bàbá ní àga òun ò ní sùn níbẹ̀ nìyẹn. Ó bọ́ bàtà, ó gun àga, ó fò sókè fò sódò níwájú gbogbo tíṣà, ó sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ nu ibi tó tẹ̀, ó ní, "Ó ku ẹ̀yin." Nígbà tí ọ̀gá rí i pé ọ̀rọ̀ ò fẹ́ tán, ó gùn ún. Àga ò dún kín. Àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé ló dún.

Ọmọ ilé-ìwé ni ìyá ọmọ nígbà náà, ó wà lára àwọn tó ń yọjú. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé ohun tí àgbàlagbà lè máa fò lórí ẹ̀ tí ò ní mì, òun náà máa kàn án, ẹni tó bá wù kó kọ̀.

"Bàbá yẹn ò tiẹ̀ mọ ìtìjú," ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. "Ẹ jẹ́ n sọ ti bẹ́ẹ̀dì fún yín."

Bàbá kan bẹ́ẹ̀dì fún tọkọtaya tuntun, ó gbé e wọ yàrá, ó ní kí àwọn méjèèjì gùn ún kí wọ́n fò, lójú òun, lójú ìyá ìyàwó. Ọkọ ń wo àjà, ìyàwó ń wo ilẹ̀. Ìyá ìyàwó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn." Bàbá ní, "Tó bá wó, ta ni wọ́n máa bú?" Màmá wò ó títí, ó bọ́ bàtà tiẹ̀, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó fò. Ó ní kò burú, kí Bàbá kan irú ẹ̀ fún òun náà.

Tí èèyàn bá wá ná ọjà kọjá bó ṣe yẹ, Bàbá á ní, "Owó àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ dá yẹn." Ìyá oníbúrẹ́dì rò pé àwàdà ni, àfìgbà tí Bàbá gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá ká a mọ́lé. Màmá yẹn náà lágídí. Ó gbé àga síta, ó fi ẹ̀gbẹ́ tí ò lẹ́sẹ̀ ti ògiri, ó jókòó lé e, ó ń ta búrẹ́dì. Bàbá ò rí oorun sùn. Kò pẹ́ tó fi gbé ẹsẹ̀ kẹrin lọ fúnra ẹ̀, ó kàn án mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe tìtorí yín o. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi mí pé ṣé èmi ni mo ṣe nǹkan yìí." Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun mọ̀, ohun tóun ṣe gbé e síta nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Irú èèyàn báyìí wá gbà láti kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Gbà kẹ̀, Nọ́ọ̀sì? Ó kọ̀ jálẹ̀."

Nígbà tí ìyá ọmọ jáde ilé-ìwé, ó ní iṣẹ́ káfíńtà lòun fẹ́. Bàbá ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

"Igi ni mo fẹ́ràn, Bàbá."

"Igi ò fẹ́ràn ẹ. Ẹnu ẹ pọ̀ jù. Ayùn kan ń pariwo níbí, ó tó."

Kò lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbá eruku igi. Bàbá gbé ìgbálẹ̀ pa mọ́, ọmọbìnrin náà mú òmíì wá láti ilé. Bàbá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àwọn oníbàárà káàbọ̀, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, títí wọ́n fi rò pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ó sú Bàbá. Ó gbé pákó kan sílẹ̀, ó ní, "Tó o bá lè dákẹ́ títí tí màá fi rẹ́ eléyìí tán, màá kọ́ ẹ. Tó o bá la ẹnu báyìí, ilé ni."

Ọmọbìnrin náà feyín di ètè mú. Ayùn bẹ̀rẹ̀. Eṣinṣin bà lé Bàbá nímú, kò sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan kí i, ó kàn mi orí, onítọ̀hún ní ṣé ara ẹ̀ ò yá ni. Ayùn ò tíì dé ìdajì tó fi rí i pé ó ti ń yà kúrò lórí ìlà tí Bàbá fi pẹ́ńsùlù fà. Ojú tábìlì ẹni ẹlẹ́ni ni pákó yẹn. Tó bá dákẹ́, iṣẹ́ di tiẹ̀, pákó bàjẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, pákó yè, òun lọ ránṣọ.

"Bàbá, ẹ ti kúrò lórí ìlà."

Ayùn dúró. "O sọ̀rọ̀."

"Mo sọ̀rọ̀."

"Kí la jọ sọ?"

"Pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n pákó ń bàjẹ́, Bàbá, mi ò lè máa wò ó."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìlà, ó nàró. Ó na ayùn sí i. "Gbà. Dá a padà sọ́nà."

"Ṣé ẹ ti gbà nìyẹn, Bàbá?"

"Igi ni mo ní kó o rẹ́."

Nọ́ọ̀sì ní, "Àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lórí ìlà ni?"

"Mo bi í títí. Ó ní láyé òun, òun ò kúrò lórí ìlà rí. Ó ní ìlà ló kúrò lábẹ́ ayùn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọmọ tó wà lẹ́yìn náà bá wọn dá sí i. Ìyá ọmọ wá rọra gbé àkísà sílẹ̀. Bàbá ò yìn ín rí. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù, Bàbá á fọwọ́ pa á lára, á kọjá. Nígbà tó yá, Bàbá darúgbó, kò lè di ayùn mú mọ́, á kàn jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa yá oòrùn. Ọjọ́ kan ni àlejò kan dé, ó ní, "Bàbá, káfíńtà ni mò ń wá. Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

Ìyá ọmọ wà nínú, ó ń gbọ́. Òòlù dúró sí i lọ́wọ́.

"Èmi kọ́," Bàbá ní. "Káfíńtà wà nínú ilé. Wọlé. Tó o bá ráyè sọ̀rọ̀, sọ ohun tó o fẹ́ fún un."

Àlejò wọlé, ó dúró, ó dúró. Ọjọ́ yẹn nìkan ni káfíńtà yẹn ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ pa etí tábìlì ẹ̀. Ohùn màmá ìyá ọmọ ló wá láti ẹ̀yìn ilé:

"Ìwọ ọmọ yìí, oúnjẹ ti ń tutù. O ò ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì lọ? Ó dáa, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀, ẹ wá jẹun."