Ófátáìmù Àǹtí Sítáàṣì

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Àǹtí Sítáàṣì kì í fi aṣọ tó rún jókòó, kì í fi í dìde, kì í sì í fi í bínú. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ fọwọ́ na etí aṣọ rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Aṣọ rẹ̀ ń gún régé. Owó oṣù rẹ̀ ni kì í gún. Lóṣù kan, wọ́n yọ owó oúnjẹ tí kò jẹ. Lóṣù mìíràn, wọ́n san owó ẹlòmíì fún un, wọ́n sì gbà á padà kíákíá, nítorí wọn kì í fi irú ìyẹn falẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ófátáìmù kò wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ alaalẹ́ ló ń dúró lọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò. Owó yìí ló fọkàn sí láti fi gba bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà ti kàn fún ìyá rẹ̀, tó ń bọ̀ wá bá a gbé. Káfíńtà ní bí oṣù bá parí, òun á tà á. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tiẹ̀ ti ń jókòó lé e dánwò.

Gbogbo ìgbà tó bá lọ sí ọ́fíìsì, akọ̀wé owó á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní owó náà wà lọ́nà. Àǹtí Sítáàṣì bi í bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Nígbà tí sùúrù tán, ó fa àga, ó jókòó, ó ní òun ò dìde mọ́.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú," ni akọ̀wé wí. "Ohun tí a rí ni pé ẹ ti máa ń lọlé."

"Ta ló rí mi?"

"Épírọ́ọ̀nù yín ni wọ́n rí."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyí: bí iṣẹ́ ọ̀sán bá parí, ẹ̀ṣọ́ á lọ wo ara ògiri. Ẹni tí épírọ́ọ̀nù rẹ̀ bá wà lórí ìkọ́ ti lọlé. Ẹni tí ìkọ́ rẹ̀ ṣófo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí Sítáàṣì kò sì lè fi épírọ́ọ̀nù tó ti rún ṣe ófátáìmù. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, á bọ́ ọ, á lọ̀ ọ́, á gbé e kọ́ dáadáa, á wá fi ẹ̀wù àtijọ́ ṣiṣẹ́ dalẹ́. Ẹni tó ń gbowó ófátáìmù jù ní yàrá náà ni bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Onígbàgbé, tó máa ń wọ épírọ́ọ̀nù tiẹ̀ lọ sílé lójoojúmọ́.

"Àbúrò, épírọ́ọ̀nù ló ń lọ aṣọ ni, àbí èmi?" ni Àǹtí Sítáàṣì bi akọ̀wé.

Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́. Ó jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni òun máa ń kí àǹtí lálaalẹ́ bí wọ́n bá ń jáde. "Ṣùgbọ́n ìkọ́ ni wọ́n ní kí n máa wò. Wọn ò ní kí n wo èèyàn."

Ó kù díẹ̀ kí oṣù parí ni owó wọlé lódindi. Ó gba bẹ́ẹ̀dì náà. Ìyá rẹ̀ dé, ó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó ní ó le díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Sítáàṣì tó fara balẹ̀ ṣírò owó ọ̀hún, ó sì rí i pé wọ́n ti san ófátáìmù ọ̀sẹ̀ tí òun fi gba ìsinmi lọ bá ìyá òun palẹ̀ ẹrù mọ́ mọ́ ọn.

Ìyá rẹ̀ ní kó dá a padà. Kò jiyàn, ó ní òun kì í ṣe olè. Bí ó ṣe yẹ kó yára dá a padà tó nìkan ló ń rò. Òtẹ́ẹ̀lì fi oṣù márùn-ún wá owó ófátáìmù òun kiri, wọ́n sì ní kò pẹ́ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà hù, ṣé kò ní jọ àfojúdi bí òṣìṣẹ́ lásán bá yára ju ọ̀gá rẹ̀ lọ?