Ìka Kẹfà Ọwọ́ Òsì Mi

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, òtítọ́ ni. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀, àní níbi tí kò ti buyì kún ilé wa.

Ìka mẹ́fà ni mo gbé wá sáyé ní ọwọ́ òsì. Ìyá mi kò gbà kí wọ́n fi òwú so ìka kẹfà náà títí yóò fi já, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ìkókó tí a bá bí báyìí. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi, tí a jọ ń gbé ní Múṣìn, kì í yé sọ pé ìyá mi ló fà á: ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ó lóyún mi, kò sì fi píìnì há aṣọ. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ yìí sú ìyá mi, ó sì kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni bàbá mi máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìwé nìkan ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tí mo lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Yábàá, àgùnbánirọ̀ tí ń kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì mú ẹyin kan wá, tí adìyẹ ti sàba lé fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó fọ́ ọ sínú abọ́.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú dín in, sà," ọ̀kan nínú wa wí.

Kò ṣeé dín. Ọlẹ̀ kan ká kò lórí pupa ẹyin náà, ọkàn rẹ̀ ń lù, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí èéhù. Àgùnbánirọ̀ náà ní àwọn jíìnì kan wà, ìtọ́ni tí ọmọ ń jogún lára òbí, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ti orí ṣáájú, ti ìdí kẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ń sọ fún ibi kọ̀ọ̀kan nínú ara ohun tí yóò dà. Irú kan náà ló wà nínú ẹja, adìyẹ àti ènìyàn. Díẹ̀ nínú wọn a sì tún ṣiṣẹ́ nígbà tí ìka bá ń yà sọ́tọ̀.

"Sà, ẹ wo ẹni tó ń kó ọwọ́ sápò yẹn. Tirẹ̀ ṣi ìka kà," ọ̀kan nínú wọn wí, ó ń nàka sí mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí gbogbo wọn fi jáde.

"Sà, ṣé oòrùn lè fi ìka kún ìka?"

"Rárá o. Ìtọ́ni inú ọlẹ̀ ló máa ń yí padà. Èwo ló yí padà lára tìẹ, n kò mọ̀. Ó lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ bàbá."

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ń fọ ọwọ́ láti jẹun. Àpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀, bí hóró ẹ̀wà. Mo ti máa ń rò pé ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ló ṣe é.

"Bàbá, kí ló ṣe yín níbẹ̀?"

"Wọ́n ní wọ́n so nǹkan já níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní ìkókó."

Ó wo ọwọ́ mi, ó sì tẹjú mọ́ àwo rẹ̀.

Mo lọ bá ìyá àgbà níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sì bi í pé: "Ìyá àgbà, lọ́jọ́ tí ìyá mi ń kó ẹrù rẹ̀, ṣé ẹ rántí òwú tí ẹ fi so ìka bàbá mi?"