Ohùn Tó Pè Lórí Adágún

Bí ọyẹ́ bá ti dé, òórùn mẹ́ta ló máa ń wà nínú ìsọ̀ mi ní Bẹẹrẹ: òórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ, ti aṣọ tuntun tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, àti ti eruku. Èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà mi kó gbójú sókè wo Mápó, kó tún wo ìsàlẹ̀, kó rí páànù dídípẹtà tó tò sọ̀ kalẹ̀ títí dé Ọjà'ba. Mo ń sọ èyí fún ọ kí o lè mọ̀ pé níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, kò sí ohun kan tó jọ adágún, ká má tíì sọ omi tó dì.

Ọmọ àbúrò mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àbúrò mi, ìyá rẹ̀, kú nígbà tí ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọmọ ọdún kan, èmi ni mo sì tọ́ ọ nínú agboolé wa. Màámi ló ń pè mí. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Súwídìn, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbá họ́kì lórí omi dídì. Bàtà tí wọ́n fi irin bí ojú ọ̀bẹ sí nídìí ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á máa yọ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn, ọ̀pá wíwọ́ á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan káàkiri. Ó ní aṣọ́lé ni wọ́n fi òun ṣe, ẹni tí kì í jẹ́ kí rọ́bà náà wọ inú àwọ̀n ilé wọn. Ó ní òun kò mọ eré sá lórí omi dídì náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ba òun bí rọ́bà náà bá ń bọ̀.

Ó máa ń fi fóònù rẹ̀ ti nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ń ṣọ́, kí n lè máa wò ó ní fídíò. Nígbà òtútù wọn, aago tiwọn àti tiwa kì í yàtọ̀. Bó bá lu mẹ́ta ní Bẹẹrẹ, ó lu mẹ́ta níbẹ̀. Ìyá Alhaja tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ìsọ̀ kejì a máa wá bá mi wò ó.

"Ìyá tẹ́lọ̀, àwọn wo ló ki orí bọ àgò adìẹ báyìí?"

"Obìnrin ni gbogbo wọn, mà."

"Obìnrin kẹ̀! Ọkọ wo ló máa wá bá wọn fa ìjàngbọ̀n nílé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Akoto tó bo orí wọn ní wáyà níwájú lóòótọ́ bí àgò, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Ní agboolé wa, kí ọmọ tó mọ Fátíhà kà ni a ti ń kọ́ ọ pé bí wọ́n bá pè é, tí kò rí ojú ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ìyá wa a máa sọ pé ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti lọ nìyẹn. Kí ó jáde wá, kí ó rí ẹni náà, kí ó tó jẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo na ọmọ náà nígbà tó wà ní kékeré, orí èyí sì ni mo ti nà án. Ó jẹ́ "Mà!" láti inú yàrá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé kò pè é.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ń tún gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré ṣe, ni wọ́n bá kó lọ sórí adágún kan tó ti dì lẹ́yìn ìlú. Olórí ẹgbẹ́ wọn, obìnrin gíga kan, ri igi pupa mọ́lẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọmọ mi ṣàlàyé fún mi pé odò kékeré kan wọnú adágún náà lẹ́yìn àwọn igi yẹn, omi ibẹ̀ kò sì dì dénú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá wọn.

Nígbà tí eré parí lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣì ń jó páànù lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, ojú ọ̀run ti dà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ kírun Màgàríbà. Ìkùukùu ń bọ̀ lórí adágún náà. Àwọn yòókù ti lọ sínú ahéré etí omi láti mu nǹkan gbígbóná. Ọmọ mi nìkan ló kù, ó ń tú àwọ̀n kúrò lára ilé tó ń ṣọ́, fóònù rẹ̀ sì wà lórí òkìtì yìnyín lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí wọ́n pe oríkì rẹ̀.

N kò ní kọ oríkì náà síbí. Ìyá tó bí i ló fún un, yàtọ̀ sí ọmọ náà fúnra rẹ̀, èmi àti àgbà méjì péré ní agboolé wa ló sì ṣẹ́kù tó mọ̀ ọ́n. Láti inú ìkùukùu ni ohùn náà ti wá, lẹ́yìn àwọn igi pupa. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun.

Ọmọ náà nàró. Ó yí wáyà ojú rẹ̀ sí mi.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?"

Kí n tó lanu, ohùn náà tún pè é. Ó kúkú jọ ohùn mi. Ohùn kan náà ni èmi àti àbúrò mi ní. Bí bàbá wa kò bá rí wa, ó máa ń ṣì wá pè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àyà ti ń dun àbúrò mi, ó máa ń mí kanlẹ̀ díẹ̀ kó tó pe orúkọ èèyàn. Mo gbọ́ èémí náà.

Ọmọ mi ti kẹ̀yìn sí mi. Ó ń yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, n kò rí i kó gbé ẹsẹ̀. Ó kọjá igi pupa àkọ́kọ́. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ gbéra bó ṣe máa ń gbéra bó bá fẹ́ dáhùn. Bí mo bá pè é, ohùn kan náà ni yóò máa gbọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Èwo ni yóò tẹ̀lé? N kò pè é. Ẹni tó ń pè é ni mo dá lóhùn.

"Hòo! Èmi lo pè. Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀. Fi ọmọ sílẹ̀, máa lọ!"

Ọmọ náà dúró, ó yíjú padà.

"Màámi, ta lẹ ń bá jà?"

Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti wá gbọ́ èsì. Bó ṣe fọwọ́ kan irin ilé náà, nǹkan kan dún lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fa odindi ìgàn aṣọ ya. Ibi tó ti dúró là, mo sì rí omi dúdú. Olórí wọn sáré jáde láti inú ahéré pẹ̀lú okùn. Ó di wáyà ojú ọmọ náà mú, ó ń pariwo mọ́ ọn. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ìbínú ẹni tí ẹ̀rù bà kò nílò ògbufọ̀.

Ìyá Alhaja dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, páálí bọ́tìnnì lọ́wọ́.

"Ta lo dá lóhùn?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, mà?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ìwọ nìkan ni mo gbọ́." Ojú rẹ̀ wá yí padà. "Ìyá tẹ́lọ̀, o jẹ́ ìpè!" Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà.

A ṣe sàráà, àwọn àáfà ṣe tiwọn. N kò sọ ju pé ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sómi lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọmọ náà sọ fún mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní àwọn kò gbọ́ ìpè kankan. Ó ní, ṣé èmi kọ́ ni mo pe òun? Mo ní èmi ni. Ó ní òun mọ̀, ohùn mi ni, bóyá fóònù ló ṣe é tó fi dà bí ẹni pé ó wá láti iwájú. Mo ní bóyá. Wọ́n ti tún gbọ̀ngàn wọn ṣe tán, ó ṣì ń ṣọ́lé fún wọn.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Ẹnikẹ́ni kò tíì wá mú mi, mo ṣì ń ránṣọ. Kí ọjọ́ náà tó dé, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi ni pé mò ń bá àbúrò mi tọ́jú ọmọ rẹ̀ ni, bí mo ṣe ń ká aṣọ oníbàárà sínú àpótí títí olóhun yóò fi wá. Olóhun wá ní ọ̀sán ọjọ́ náà, n kò sì fún un. Bóyá ó fẹ́ mú un lọ, bóyá ó kàn fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ nínú wáyà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, n kò dúró béèrè. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wá ohùn àbúrò mi, kódà lójú àlá, tí n kò gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo wá gbọ́ ọ, "máa lọ" ni mo sọ fún un. Mo máa ń sunkún sí i nígbà mìíràn, bí ìsọ̀ bá dá. Ṣùgbọ́n bó bá tún pe ọmọ náà lọ́la, ohun kan náà ni n ó sọ.