Ohùn Màmá Mi àti Ìwé Dókítà Ayé Àtijọ́

Ní ilé wa ní Austell nítòsí Atlanta, ohùn màmá mi ló máa ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin tó ń fọn fèrè lẹ́yìn ilé. Bí ọkọ̀ bá fọn tirẹ̀, màmá á gbé àdúrà sókè sí i títí ọkọ̀ á fi kọjá lọ. Òun ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ìjọ wa. Bó bá di ọ̀sán, á lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó tí etí wọn ti di, nítorí náà kò sí ibi kankan tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó rọra sọ̀rọ̀. Ìrọ̀rí ni mo máa ń fi bo etí mi nígbà náà, tí màá sì máa kùn.

Iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ kí n ṣe. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbà mí sílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ni mo bá lọ gba iṣẹ́ ní yàrá ìwé àtijọ́ ní yunifásítì kan láàárín ìlú Atlanta. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìwé tí àwọn dókítà ayé ọjọ́un fọwọ́ kọ, kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá bi màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni mò ń ṣe, á ní, "Ó wà ní medical field," á sì yára bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi náà, bí mo bá pàdé àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti di dókítà, "research" ni mo máa ń pè é, tí màá sì gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ wo àrùn kan sàn lọ́la.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ohùn màmá há. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì lọ mọ́. Níbòmíràn, wọn ì bá ti ní kó lọ rí dókítà. Lọ́dọ̀ tiwa, ayọ̀ ló fà. Ohùn tó há ni ohùn ẹni tó ti gbàdúrà dójú àmì, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ di pásítọ̀ tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohùn tiwọn di híhá bí wọ́n bá ti gba máíkì, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì gbàdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí ti màmá pé oṣù mẹ́ta, ńṣe ni wọ́n ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Mummy, anointing yìí ti pọ̀ jù o!" Màmá á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀. Èmi náà á jókòó ní ìlà iwájú, orí mi á máa wú pé ìyá mi nìyẹn. Kò sí òmùgọ̀ tó jù mí lọ nínú ìjọ náà.

Àsìkò yẹn ni wọ́n gbé ìwé kan ka iwájú mi níbi iṣẹ́. Dókítà tó kọ ọ́ gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ní ìlú etíkun kan lókè òkun. Èèpo ìwé náà ti ya, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ohùn wọn há ló kún inú rẹ̀: oníwàásù, akéde ìlú, àwọn tó ń kiri ọjà. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi í rín. Bí ohùn bá há, baba náà á ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ki jù. Á la iṣan apá aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ dà, á lẹ oògùn tó ń bó awọ mọ́ ọn lọ́rùn, á fún un ní oyin àti ọtí kíkan, á ní kó daṣọ borí sórí omi gbígbóná. Mo máa ń ka díẹ̀ fún màmá bí a bá ń jẹun. "Ẹ wò ó, Mummy, ká ní ayé ìgbà yẹn lẹ wà, wọn ì bá ti pa yín."

Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan dá mi dúró. Obìnrin kan tó ń kiri ẹja ni. Àwọn aládùúgbò ní igbe ẹja tó ń ké ló há a lóhùn. Dókítà náà kò ní ohun tó lè fi wo inú ọ̀fun alààyè, kò sẹ́ni tó ní i láyé ìgbà yẹn, nítorí náà àfi kó béèrè, kó fetí sílẹ̀, kó sì fọwọ́ kàn án. Ó béèrè bóyá ohùn náà máa ń sàn díẹ̀ láàárọ̀, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé ohùn tí ariwo bà jẹ́ máa ń rí ìsinmi bí olóhùn bá sùn. Obìnrin náà ní bákan náà ló rí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó wá ní kó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Kì í ṣe pé ìdákẹ́ náà ni oògùn. Ó fẹ́ fi dán an wò ni: bí ohùn bá padà, ariwo ló bà á jẹ́. Bí kò bá padà, nǹkan kan ń tẹ̀ ẹ́ nínú, àfi kí wọ́n fọwọ́ wá a lọ́rùn bó bá ń gbé itọ́ mì. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo rántí pé bákan náà ni ohùn màmá ṣe ń há ní ìdájí, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo rántí ọwọ́ tó máa ń fi pa ọrùn. 

"Ọjọ́ mẹ́wàá?" ni màmá wí nígbà tí mo sọ fún un. "Kí n má sọ̀rọ̀? Lásìkò fasting oṣù yìí? Ìwọ lo ní dókítà yẹn ì bá ti pa mí o!"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é. Tí ohùn yín bá padà, mi ò ní sọ ọ́ mọ́."

Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo wá lọ bá pásítọ̀ wa, nítorí òun nìkan ló lè gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ pé mi ò sí ní medical field kankan, pé ìwé àtijọ́ ni mò ń kà, àti pé mo ń bẹ̀rù. Ojú tì mí débi pé bàtà mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ gbọ́ tán, ó pe màmá wọlé. "Mummy, ẹ lọ sinmi. Ọlọ́run ò sí lára àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú ní work o. Etí Rẹ̀ ò di."

Bí màmá ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó ń fi ìwé pélébé bá mi sọ̀rọ̀. Á kọ "ṢÉ O TI JẸUN?" ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, bí ẹni tó ń fi bírò pariwo. Láàárọ̀, á máa rìn yípo pálọ̀, á máa pàtẹ́wọ́, ètè rẹ̀ á máa mì. Ọkọ̀ ojú irin ló ń jí mi. Mo ti ń sá fún ohùn màmá fún ọdún púpọ̀, mo wá rí i pé ilé náà kò ṣeé gbé láìsí ariwo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pẹ́ débi iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, a dúró ní kíṣìnnì. Mo ń gbàdúrà pé kí n jẹ́ òpùrọ́. Màmá la ẹnu, ó pe orúkọ mi. Bó ṣe há tẹ́lẹ̀ ló ṣì há. Ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Mo gbé ìka mi lé e lọ́rùn bí baba inú ìwé ṣe ṣe, mo ní kó gbé itọ́ mì. Lápá òsì, nǹkan kan tó le bíi kóró àgbálùmọ̀ gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìka mi.

Dókítà ọ̀fun ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ wọlé, a sì rí i lójú ẹ̀rọ pé ọ̀kan nínú okùn ohùn méjèèjì kò mira mọ́. Gẹ̀gẹ̀ ló ń wú sínú, tó ń tẹ iṣan tó ń darí rẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, a dúpẹ́. Ó ní bí a bá tún fi falẹ̀ díẹ̀, ohùn náà lè má padà láé. Ó béèrè dókítà tó kọ́kọ́ rí i. Kí n tó ronú ohun tí màá sọ, màmá ti fi ohùn híhá yẹn fèsì: "My daughter. She reads old books." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe iṣẹ́ mi bó ṣe jẹ́. Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Bó ti ń sinmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi mí ṣáá: "Ẹlẹ́ja yẹn ńkọ́? Ṣé ohùn rẹ̀ padà?"  Dókítà inú ìwé náà kọ ọ́ pé ọwọ́ òun ba nǹkan kan lọ́rùn obìnrin náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí sí. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, màmá gba máíkì pẹ̀lú ohùn tuntun rẹ̀, kékeré, tó ń gbọ̀n díẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ fún arábìnrin ẹlẹ́ja kan. Òun ló kọ́kọ́ dákẹ́, kí èmi tó dákẹ́. Ọmọ mi ló bá mi rí i nínú ìwé. Ọmọ mi kì í ṣe dókítà o. Ìwé àtijọ́ ló ń kà." Ìjọ hó yèè. Lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀ka ìjọ wa wo ni arábìnrin ẹlẹ́ja náà ń lọ, ṣé ti Dacula ni?

Mo ti ní ilé tèmi ní Ellenwood báyìí, yàrá ìwé àtijọ́ yẹn ni mo ṣì wà, mi ò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn màmá kò borí ti ọkọ̀ ojú irin mọ́. Bí mo bá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ náà bá fọn fèrè láàárọ̀, á dúró kó kọjá lọ, á wá máa bá àdúrà rẹ̀ lọ níbi tó dé. Ó ṣì máa ń dúpẹ́ nítorí ẹlẹ́ja yẹn. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ.